Bí Iṣẹ́ Ọjọ́ Kan Ṣe Ń Lọ ní Ibùdó Tí Wọ́n Ti Ń Fi Òrùka Sẹ́yẹ Lẹ́sẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Lọ Ṣèrànwọ́ Nígbà Ìrúwé

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí wọ inú oṣù kẹfà, àwọn ẹyẹ akọrin kéékèèké tó ti lọ sá fún òtútù ní Cuba, Jàmáíkà, Mẹ́síkò, Kòlóńbíà, títí dé Brazil, a máa padà sí àríwá láti lọ kọ́ ìtẹ́. Òru ni wọ́n fi ń fò. Ẹyẹ tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju gíráàmù 10 lọ a gbéra nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, a sì máa fò lọ nínú òkùnkùn. Adágún Erie wà lójú ọ̀nà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá la omi yẹn kọjá tán, Long Point ni ilẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ sí wọn: ilẹ̀ yanrìn gbọọrọ kan tó gùn tó kìlómítà 40, tó yọ láti etí gúúsù Ontario ní Kánádà wọ inú adágún náà. Níbẹ̀ ni wọ́n dá Long Point Bird Observatory sílẹ̀ lọ́dún 1960, òun sì ni ibùdó àkíyèsí ẹyẹ tó pẹ́ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àríwá àti gúúsù.

Wọ́n ń fi àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ mú ẹyẹ, wọ́n ń fi òrùka alumíníọ́mù tó ní nọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ kó máa lọ. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwa Yorùbá tí a wà ní Toronto, Hamilton, Buffalo àti agbègbè wọn, nítorí ibùdó yìí máa ń gba ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀, púpọ̀ nínú wa ni kò sì mọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹyẹ tí ẹ bá mú, ìrìn àjò ló wà. Ebi ń pa á, ó rẹ̀ ẹ́, oorun rẹ̀ kò tó, ibi tó ń lọ ṣì jìnnà. Gbogbo òfin tó wà ní ibùdó, bí ó ti wù kó dà bí àṣejù lójú ẹni tuntun, ìdí kan ló wà fún un: kí àsìkò tí a fi dá ẹyẹ náà dúró kúrú, kó sì kúrò lọ́wọ́ wa ní àlàáfíà. Ẹ ó rí ìdí náà nínú gbogbo ohun tí mo bá sọ.

Kí ẹ tó lọ

Kò sẹ́ni tó lè ra àwọ̀n kó lọ ta á sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Láti ọdún 1916 ni àdéhùn ti wà láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà láti dáàbò bo àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri, ìwé àṣẹ ìjọba sì ni wọ́n fi ń mú wọn. Abẹ́ ìwé àṣẹ ẹlòmíì lẹ ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí ibùdó nígbà òtútù, ní oṣù kìíní tàbí ìkejì, kí ẹ sọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ ráyè. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ lọ wòran ni, ẹ gba Old Cut lọ láàárọ̀. Mọ́tò dé ibẹ̀. Ibùdó kejì wà ní Breakwater, ẹ̀kẹta wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ yanrìn náà tí wọ́n ń pè ní Tip. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dé Tip, ẹni tó bá sì lọ síbẹ̀ máa ń sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ tó gbé dání.

Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ wọ aṣọ méjì mẹ́ta lé ara wọn tí ẹ lè máa bọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí oòrùn bá ti ń yọ, nítorí òtútù òwúrọ̀ oṣù kẹrin létí adágún kì í ṣe kékeré. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí, bínókúlà, omi, àti ìpanu. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, torí eégbọn tó ń kó àrùn Lyme ranni wà nínú koríko ibẹ̀. Lálaalẹ́, ẹ yẹ ara yín wò: abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, àárín irun. Igi kan tún wà tí wọ́n ń pè ní poison ivy, tí ewé rẹ̀ máa ń jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, tó máa ń jẹ́ kí ara lé ròrò. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án.

Èyí tó kù, àwa gan-an ló kàn jù. Àwọ̀n yẹn máa ń há mọ́ ohunkóhun tó bá yọrí. Ẹ bọ́ òrùka ọwọ́, ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí gbọọrọ. Ẹni tó bá di irun gígùn, kó kó gbogbo rẹ̀ jọ kó fi ṣíkáàfù wé e pinpin. Èékánná tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó wá: kò sí bí ẹ ṣe máa fi ya òwú àwọ̀n kúrò lára ẹyẹ kékeré. Ẹ má fi òrí tàbí ìpara kankan pa àtẹ́lẹwọ́ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí oògùn ẹ̀fọn kan ọwọ́. Ọ̀rá a máa ba ìyẹ́ ẹyẹ jẹ́, ìyẹ́ yẹn sì ni aṣọ òtútù rẹ̀, òun náà ló fi ń fò.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dàgbà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá ibùdó jẹ́ ọmọ ọdún 24, orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo èèyàn á sì máa pè é. Ẹ jẹ́ kó kọ́ yín. Tó bá ní "fún mi ní ẹyẹ yẹn kíákíá," ẹ fún un, kó má di ọ̀rọ̀ ta ló bí ta.

Alẹ́ tó ṣáájú

Iṣẹ́ ọ̀la ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, lórí ojú ọjọ́. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti gúúsù, tí ara sì ń móoru, ẹyẹ á fò púpọ̀ lóru. Tó bá ń fẹ́ láti àríwá, ọ̀pọ̀ wọn á jókòó síbi tí wọ́n wà. Èyí tó máa ń kó iṣẹ́ báni jù ni kí afẹ́fẹ́ gúúsù gbé wọn gbéra, kí òjò tàbí kùrukùru wá pàdé wọn lórí omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo wọn á já lulẹ̀ síbi tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí. BirdCast, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń sọ tẹ́lẹ̀ iye ẹyẹ tó máa fò lóru lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ wo apá Pennsylvania àti Ohio, nítorí òdìkejì adágún náà ni wọ́n wà. Tí àmì bá fi hàn pé ẹyẹ á pọ̀, ẹ sùn kíá, ẹ to àpò aṣọ tí wọ́n ń kó ẹyẹ sí sílẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ bóyá ẹ lè dá yọ ẹyẹ tàbí ẹ kò tíì lè ṣe é. Iye àwọ̀n tí wọ́n máa ṣí dúró lórí iye ọwọ́ tó mọṣẹ́.

Ṣíṣí àwọ̀n

Nǹkan bí ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ ni wọ́n ń ṣí àwọ̀n. Nínú oṣù karùn-ún, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, nítorí náà ẹ dìde ní kùtùkùtù. Àwọ̀n kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 12, ó ga ní mítà méjì àbọ̀ àti díẹ̀, àárín òpó méjì ni wọ́n ń ta á sí. Òwú dúdú tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí igi bá ṣíji bò ó, ojú kì í tètè rí i. Okùn líle tó gba inú rẹ̀ kọjá ló pín in sí ìpele mẹ́rin. Ẹyẹ á fò lu àwọ̀n, á sì já sínú àpò tí àwọ̀n náà dá nísàlẹ̀ ìpele.

Ẹ tú okùn tí wọ́n fi dì í, ẹ na ìpele kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ yọ ewé àti igi tó há sí i. Ẹ rí i pé ìpele ìsàlẹ̀ kò kan ilẹ̀ bí ẹyẹ bá wọ̀ ọ́, torí ìrì máa ń wà lórí koríko, ẹyẹ tó bá tutù lè kú. Ẹ kọ àsìkò tí ẹ ṣí i. Àsìkò ṣe pàtàkì: ẹyẹ 50 nínú àwọ̀n 3 kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹyẹ 50 nínú àwọ̀n 14, bí a kò bá sì mọ iye wákàtí tí àwọ̀n fi wà ní ṣíṣí, a kò lè fi ọdún yìí wé ọdún tó kọjá. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀ lójúmọ́.

Yíyí àwọ̀n ká

Ní ìṣẹ́jú 30, ó pẹ́ tán, ẹ gbọ́dọ̀ ti yí gbogbo rẹ̀ ká. Tí oòrùn bá mú tàbí tí òtútù bá pọ̀, ẹ dín in kù sí 20, tàbí 15. Ẹ rìn dé ìpẹ̀kun àwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo òkè, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹyẹ Golden-crowned Kinglet tí kò ju bíi gíráàmù 6 lọ a máa jókòó sínú àpò àwọ̀n jẹ́jẹ́, ẹni tó bá ń kánjú á kọjá lára rẹ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ pa àwọ̀n dé. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ẹ tó ń jó lórí òpó, ẹ pa á dé. Bí àṣá bá ń fò ká ọ̀nà àwọ̀n, ẹ sọ fún ọ̀gá.

Bí ẹyẹ bá pọ̀ ju èyí tí ọwọ́ ká lọ ńkọ́? Ẹ pa àwọ̀n dé nígbà náà pẹ̀lú. Ó máa ń dun ẹni tuntun, torí ó rò pé a fẹ́ kí iye pọ̀. A kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tó dúró pẹ́ jù nínú àpò, tó ti lo ọ̀rá tó fẹ́ fi fò lálẹ́ òní, àwa la jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Yíyọ ẹyẹ kúrò nínú àwọ̀n

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ ó wo ẹlòmíì fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó gbà yín láyè, ẹ ó sì ṣe é lójú wọn fún ọjọ́ púpọ̀ sí i.

Ìbéèrè àkọ́kọ́, kí ọwọ́ yín tó kan ẹyẹ rárá: apá ibo ló gbà wọlé? Ọ̀nà tó gbà wọlé ló máa gbà jáde. Ẹ dúró sí apá yẹn, ẹ wá ẹnu àpò tó já sí, ẹ ṣí i. Ẹ ó rí ìyẹ́ ikùn rẹ̀ láìsí òwú lórí rẹ̀. Tí ẹ bá ń rí òwú láàárín yín àti ẹyẹ, ẹ̀yìn lẹ wà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yọ ọ́. Nínú ọ̀kan, ẹsẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ tú: ẹ di itan rẹ̀ mú níbi tó sún mọ́ ara, láéláé kì í ṣe ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín, torí ó lè kán. Ẹ fi ìka ọwọ́ kejì ti òwú kúrò lára èékánná rẹ̀, lẹ́yìn náà apá, lẹ́yìn náà orí. Nínú èkejì, ara ni ẹ ó kọ́kọ́ gbá mú: ẹ ki ọwọ́ sínú àpò àwọ̀n, ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín há ọrùn rẹ̀ láìfún un, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sinmi lé àtẹ́lẹwọ́, ẹ wá bọ́ òwú kúrò ní apá àti orí bí ẹni bọ́ ẹ̀wù fún ọmọ tuntun, kí ẹsẹ̀ gbẹ̀yìn. Èkejì yìí ni mo fẹ́ràn fún ẹni tuntun, torí kò jẹ́ kí gbogbo ara ẹyẹ rọ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má fún un láyà. Ẹyẹ kò mí bíi tiwa. Egungun àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè lọ síwájú kó sì padà kó tó lè fa èémí. Ẹyẹ tó kú lọ́wọ́ èèyàn láìní ojú ọgbẹ́, fífún láyà ló sábà ń pa á.

Ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ahọ́n ẹyẹ ní ẹ̀gún kéékèèké tó kọjú sẹ́yìn, òwú máa ń há sí i, pàápàá lẹ́nu Gray Catbird àti àwọn thrush. Tí ẹ bá fà á láìwò, ẹ ó ya ahọ́n náà. Ohun èlò kékeré tó ní ṣóńṣó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi gbé òwú yẹn kúrò, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Tí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì bá kọjá tí ẹ kò tíì rí ojútùú rẹ̀, ẹ pe ẹlòmíì. Tí òun náà kò bá rí i, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé òwú kan tàbí méjì. Àwọ̀n ṣeé rán.

Ẹyẹ kan, àpò kan. Ẹ má kó méjì sójú kan, bó ti wù kí àpò wọ́n tó. Ẹ fi pẹ́ẹ̀gì tó ní nọ́ńbà àwọ̀n há ẹnu àpò, kí ẹ gbé e rọ̀ sára igi tàbí sí ọrùn yín, ẹ má gbé e kalẹ̀ tí èèyàn á fi tẹ̀ ẹ́. Ruby-throated Hummingbird, ẹ tú u sílẹ̀ níbi àwọ̀n lójú ẹsẹ̀: òrùka tirẹ̀ ní ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀. Blue Jay àti Cardinal máa ń fi àgógó ṣán èèyàn lọ́wọ́, ó sì máa ń dunni. Ẹ má jù ú sílẹ̀.

Ní tábìlì

Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹyẹ kan yẹ kó lò lórí tábìlì. Ẹni méjì ló ń ṣe é: ọ̀kan ń di ẹyẹ mú, ìkejì ń kọ̀wé. Iṣẹ́ ìwé kíkọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún yín, ẹ má fojú kékeré wò ó, torí nọ́ńbà kan tí ẹ bá ṣì kọ, ẹyẹ yẹn ti sọnù sínú ìwé títí ayé. Ohun tí wọ́n bá pè, ẹ pè é padà sókè kí ẹ tó kọ ọ́. Kinglet àti àwọn tó bá kéré ló ń ṣáájú; òtútù tètè ń mú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ dá ẹyẹ mọ̀. Lẹ́yìn náà ni òrùka. Òrùka ní oríṣiríṣi ìwọ̀n: 0A ni ti àwọn tó kéré jù, 0 ni ti ọ̀pọ̀ warbler (ẹyẹ akọrin kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò), ó ń lọ sókè bẹ́ẹ̀ dé 2 tó wà fún American Robin àti Blue Jay, ó sì tún kọjá ibẹ̀. Píláyà pàtàkì tó ní ihò tó bá ìwọ̀n mu ni wọ́n fi ń tì í pa. Ẹnu òrùka gbọ́dọ̀ pàdé ara wọn pátápátá, òrùka náà sì gbọ́dọ̀ lè yí, kó sì lè lọ sókè sódò lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ orí ló ń rú èèyàn lójú jù. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní, gbogbo ẹyẹ di ọlọ́dún tuntun lójú ìwé; èyí tó jáde látinú ẹyin lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá ti wọ ọdún kejì rẹ̀. Ohun tí a ń wá ni bóyá ọdún kejì ló wà tàbí ó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú apá ni ìdáhùn wà. Ọmọ ẹyẹ ṣì ń lo àwọn ìyẹ́ kan tó hù nínú ìtẹ́. Wọ́n ti ṣá, wọ́n ti fọ́n létí, àwọ̀ wọn sì yàtọ̀ sí ti ìyẹ́ tó pààrọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ na apá náà síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wá ibi tí àtijọ́ ti pàdé tuntun. Ẹyẹ tó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ ni akọ American Redstart: àgbà rẹ̀ dú, ó ní àmì àwọ̀ ọsàn, èyí tó wà lọ́dún kejì ṣì jọ abo, àmì tirẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àfi tótòtó dúdú díẹ̀ lójú. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ pé kò dá yín lójú. Àmì wà fún ìyẹn náà.

Ẹ fi rúlà wọn apá rẹ̀ ní mílímítà, láti oríkèé dé ṣóńṣó ìyẹ́ tó gùn jù, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́ rúlà. Ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn sí ìyẹ́ ọ̀fun rẹ̀ kó yà. Awọ ara rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ ó rí kòtò tó wà nísàlẹ̀ ọ̀fun. Tí kòtò náà bá ṣófo, ẹyẹ yìí ti ná gbogbo ohun tó ní lóru àná. Tí ọ̀rá rúsúrúsú bá kún un tó yọ síta, ó ti ṣe tán láti tún gbéra. Òǹkà láti 0 lọ sókè ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Níkẹyìn, ẹ fi orí rẹ̀ ṣáájú sínú ike róbótó kan lórí ìwọ̀n, ẹ ka gíráàmù rẹ̀.

Nígbà tí ẹyẹ tó ní òrùka tẹ́lẹ̀ bá tún wọ àwọ̀n, inú mi máa ń dùn ju ìgbà tí a bá mú tuntun lọ. Èyí tí a mú ní Mọ́ńdè tí kòtò ọ̀fun rẹ̀ ṣófo, tó padà wá ní Tọ́sìdeè tí ó ti fi gíráàmù méjì sanra, ó ti sọ fún wa pé kòkòrò wà nínú igbó yìí, pé ibí ṣì tó ibi ìsinmi. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣírò pé ẹyẹ tó tó bílíọ̀nù 3 ti dín kù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà láti ọdún 1970. Ẹni tó bá fẹ́ mọ igbó tó yẹ ká dáàbò bò, irú àkọsílẹ̀ báyìí ló máa wò.

Ẹyẹ tí ara rẹ̀ kò yá

Tí ó bá ń mí pẹ̀lú ẹnu ní yíyà, tí ojú rẹ̀ ń pa dé, tí ìyẹ́ rẹ̀ wú, ẹ dá ohun gbogbo dúró. Kò sí òrùka, kò sí rúlà. Tí ooru bá ń mú un, ẹ gbé e lọ síbi òjìji kí ẹ tú u sílẹ̀ lórí ẹ̀ka kan. Tí òtútù bá ń mú un, ẹ fi í sínú àpò gbígbẹ níbi tó móoru díẹ̀, kí ẹ má ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá wọlé sínú ìwé, kò burú.

Ìtúsílẹ̀ náà ní ọ̀nà. Ẹ la ọwọ́ nítòsí igbó, ní ìsàlẹ̀, kó fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má sọ ọ́ sókè.

Kíkà, pípa àwọ̀n dé, àti àkọsílẹ̀ alẹ́

Láàárọ̀ náà, ẹnì kan á rin ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń rìn lójoojúmọ́, bíi wákàtí kan, á kọ gbogbo ẹyẹ tó rí àti èyí tó gbọ́. Àwọ̀n kì í sábà mú àṣá, kì í sábà mú pẹ́pẹ́yẹ, kì í sábà mú èyí tó ń jẹun lórí igi gíga. Bí wákàtí mẹ́fà bá pé, ẹ wo inú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ kó ìpele jọ, ẹ yí i, ẹ fi okùn dì í níbi púpọ̀ kó má baà tú lọ́sàn-án tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Ẹ fọ àpò tó dọ̀tí, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo yín á jókòó. Ẹnì kan á máa pe orúkọ ẹyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á sọ iye tó rí, ẹ ó sì fẹnu kò sí iye kan fún ọjọ́ náà. Níbẹ̀ lẹ ó ti mọ bí àsìkò ṣe ń lọ: junco àti kinglet ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, Hermit Thrush tó ń tẹ̀ lé wọn, warbler lónírúurú ní àárín oṣù karùn-ún, akọ ṣáájú abo, Veery tó lọ gbé Brazil, Blackpoll Warbler àti àwọn flycatcher tó ń gbẹ̀yìn. Ẹ má sọ iye tí ẹ kò rí kó lè bá ti ẹlòmíì dọ́gba.

Tí ẹ bá rí òrùka níbòmíì

Ẹyẹ tó kú sábẹ́ fèrèsé ní Toronto tàbí New York lè ní òrùka lẹ́sẹ̀. Nọ́ńbà ara rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹ ka gbogbo rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ibi àti ọjọ́ tí ẹ rí i, ẹ fi ránṣẹ́ sí reportband.gov, wọ́n á sọ fún yín ibi tí wọ́n ti fi sí i lẹ́sẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n fi sí i. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé náà. Ẹyẹ láti Yúróòpù ń wá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Nàìjíríà, alápàńdẹ̀dẹ̀ wà lára wọn, àwọn onímọ̀ ẹyẹ ní APLORI, ibùdó ìwádìí ẹyẹ ní Jos, pẹ̀lú sì ń fi òrùka sẹ́yẹ nínú igbó Amurum. Àgbẹ̀ tàbí ọdẹ tó bá rí òrùka tó wá láti Yúróòpù lè fi nọ́ńbà àti àdírẹ́sì tó wà lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí euring.org. Tí ẹyẹ náà bá ṣì wà láàyè, kó má yọ òrùka náà: kó kà á, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó jẹ́ kí ẹyẹ máa lọ.